Àṣìkọ àti Àkọtọ́ Àtijọ́ nínú Àyọlò

Ìfáárà
Nínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́, kò ṣọ̀wọ́n láti rí àyọlò láti inú ìwé tí a tẹ̀ ní nǹkan bí 1930, tí àkọtọ́ rẹ̀ sì rí bí ẹni pé àná ni wọ́n kọ ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ti tún un kọ kí ó tó fi àmì àyọlò yí i ká. Kò ní èrò búburú lọ́kàn. Àkọtọ́ òde òní tí wọ́n kọ́ ọ ni ó tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n ohun tí àmì àyọlò ń sọ fún òǹkàwé ni pé báyìí gan-an ni onítọ̀hún ṣe kọ ọ́. Bí lẹ́tà kan bá yí padà láìsọ, ẹ̀rí náà ti di èké.

Àkọtọ́ Àtijọ́ Kì í Ṣe Àṣìkọ
Àpẹẹrẹ kan ni ìtàn Sẹ̀gilọlá tí I. B. Thomas gbé jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó láàárín 1929 sí 1930. "Itan Igbesi Aiye" ni àkọlé rẹ̀ wí, kì í ṣe "Ìtàn Ìgbésí Ayé". Bákan náà ni "enia", "nwọn" àti "ẹiyẹ" ṣe wọ́pọ̀ nínú ìwé ìgbà náà. Àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 ni ó sọ wọ́n di "ènìyàn", "wọ́n" àti "ẹyẹ". Ohun tí ilé-ìwé kọ́ ẹni tí ó kọ "aiye" ní 1930 ni ó kọ. Nítorí náà, kíkọ "sic", ọ̀rọ̀ Látìn tí ó túmọ̀ sí "bẹ́ẹ̀ ni ó wà", tẹ̀ lé e yóò sọ àgbà òǹkọ̀wé di ẹni tí kò mọ̀wé kọ. Gbólóhùn kan ṣoṣo ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó: pé àkọtọ́ inú àyọlò wà bí ó ṣe wà nínú ìwé tí a ti mú un. Ẹni tí ó bá sì yí àkọlé ìwé padà ti fi ẹni tí yóò wá ìwé náà ní ibi ìkówèépamọ́ sínú wàhálà.

Ọ̀rọ̀ Àmì Ohùn
Ibi tí ewu pọ̀ sí jù nìyí. Ọ̀pọ̀ ìwé àti lẹ́tà àtijọ́ ni kò ní àmì ohùn tó. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ rí gbólóhùn yìí nínú lẹ́tà kan: "O fi ọkọ rẹ silẹ". Ó lè jẹ́ "O fi ọkọ rẹ sílẹ̀", ó lè jẹ́ "Ó fi ọkọ rẹ̀ sílẹ̀", ó sì lè jẹ́ "Ó fi ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀" tàbí "Ó fi ọkọ́ rẹ sílẹ̀". Bí lẹ́tà náà bá jẹ mọ́ ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀, ẹni tí ó fi àmì sí i ti dá ẹjọ́ náà. Ó lè dá a ire. Síbẹ̀, dandan ni kí ó sọ pé òun ni ó fi àmì ohùn sí i, kí òǹkàwé lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀.

Àṣìkọ Tòótọ́
Àṣìkọ tí òǹkàwé lè rò pé ti ẹni tí ó yọ ọ̀rọ̀ lò ni, tàbí èyí tí ó yí ìtumọ̀ padà, nìkan ni ó yẹ kí a sàmì sí. Bí ìwé tí ó ń kọ "ọjọ" níbi gbogbo bá ṣèèṣì kọ "ojo kẹta" lẹ́ẹ̀kan, a lè kọ ọ́ báyìí: "ojo [bẹ́ẹ̀ ni ó wà] kẹta". Inú àkámọ́ onígun kan náà ni ọ̀rọ̀ tí a bá fi kún àyọlò máa ń wà.

Iṣẹ́ ọmọ ilé-ìwé yàtọ̀. Ọmọ Èkìtì tí ó kọ "uṣu" dípò "iṣu" ń kọ ohun tí ẹnu rẹ̀ ń sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ Ìbàdàn tí ó kọ "isu". Bí olùkọ́ bá tún un ṣe kí ó tó yọ ọ́ lò, ohun tí ó fẹ́ ṣe ìwádìí lé lórí ti parẹ́ nìyẹn. Kí ó fi nọ́ńbà sí àpẹẹrẹ kọ̀ọ̀kan, kí ó kọ ọ́ bí ọmọ ṣe kọ ọ́, kí ó sì fi ti èdè àjùmọ̀lò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Sic" kò ní iṣẹ́ níbẹ̀, orúkọ ọmọ náà kò sì gbọdọ̀ hàn.

Kọ̀ǹpútà náà ní tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí a bá gbé iṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà kan lọ sórí òmíràn, àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà lè ṣubú, kí "ọ" di "o". Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó sọ pé òǹkọ̀wé ni ó ṣì í kọ, kí ó kọ́kọ́ padà sí ojú ìwé náà gan-an.