Ṣé Dandan Ni Kí N Dárúkọ Bàbá Ọmọ?

Ìbéèrè: Amẹ́ríkà ni èmi àti ọmọ mi ń gbé. Mo fẹ́ gba owó ìrànwọ́ TANF, wọ́n ní àfi kí n dárúkọ bàbá rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, ìyá ọmọ. Òfin 1996 tó dá TANF sílẹ̀ ló ní kí ẹ bá ìjọba wá bàbá ọmọ rí, kó lè máa sanwó ìtọ́jú. Bí ẹ bá kọ̀ láìnídìí, ó kéré tán, wọ́n á gé ìdá kan nínú mẹ́rin owó yín. Bí ẹ bá ṣì ń gba TANF, ìjọba ló ni owó tí bàbá náà bá san. Àwọn ìpínlẹ̀ kan máa ń fún ìyá ní díẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń bẹ̀rù pé bàbá náà yóò ṣe yín léṣe, ẹ tètè sọ, kí ẹ sì mú ẹ̀rí dání. Wọ́n lè yọ̀ǹda yín.