Ẹ̀kọ́ fún Oníṣòwò: Bí Ẹ̀rọ Bá Dákẹ́, Ẹ Lọ Wò Ó

Ẹ̀yin oníṣòwò wa, ẹ̀rọ tó ń dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ ti pọ̀ lóde òní. Láti Ìyànà Ìbà dé Ìjànìkín títí wọ Àgbárá, àwọn tó ń ṣe omi inú ọ̀rá, àwọn tó ń ta ẹja inú yìnyín àtàwọn tó ń ṣe búrẹ́dì ń lò ó. Jẹnẹrétọ̀ ń dá tan bí iná bá lọ, ẹ̀rọ tó ń fa omi ń dá kú bí táńkì bá kún. Ohun tó dára ni. Àmọ́ ta ló ń ṣọ́ ẹ̀rọ náà? Ìtàn bàálù méjì la fẹ́ fi dáhùn ìbéèrè yìí.

Lọ́jọ́ 8 oṣù Kejì ọdún 2005, bàálù Airbus A340-600 ti ilé-iṣẹ́ Virgin Atlantic ń lọ láti Hong Kong sí London. Èrò 293 àti òṣìṣẹ́ 18 ló wà nínú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì mẹ́rin ló ní, inú oríṣiríṣi táńkì ni epo rẹ̀ sì wà, kódà ọ̀kan wà nírù. Kọ̀ǹpútà méjì, ọ̀gá àti igbákejì, ló wà fún fífa epo sínú àwọn táńkì tí ẹ́ńjìnnì ń mu.

Nígbà tí wọ́n ti fò tó nǹkan bíi wákàtí 11, ẹ́ńjìnnì kìíní kú. Kò pẹ́ tí ẹ̀kẹrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀wẹ̀sì. Epo kò tán nínú bàálù o! Táńkì tí ẹ́ńjìnnì náà ń mu ló gbẹ, bẹ́ẹ̀ epo ṣì wà nínú àwọn mìíràn. Àwọn awakọ̀ fọwọ́ ara wọn darí epo, wọ́n sì yà bà sí Amsterdam láyọ̀.

Àwọn olùwádìí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí i pé kọ̀ǹpútà ọ̀gá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, síbẹ̀ kò gbé iṣẹ́ sílẹ̀ fún igbákejì. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ara igbákejì ọ̀hún kò dá tó tirẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé ẹ̀rọ tó yẹ kó kìlọ̀ pé epo ń lọ sílẹ̀ dákẹ́, torí ó gbà pé ó kéré tán kọ̀ǹpútà kan ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìmọ̀ràn wọn ni pé kí ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀ dá dúró, kó má gbára lé èyí tó ń pín epo.

Tiwa nílé kò rí bẹ́ẹ̀ parí. Lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2012, bàálù Dana Air gbéra láti Àbújá sí Èkó. Ìṣẹ́jú 17 péré lẹ́yìn tó gbéra, ẹ́ńjìnnì kan kò dáhùn mọ́. Wọn kò padà, wọn kò sì bà sí pápákọ̀ òfurufú tó sún mọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n dé itòsí Èkó, ẹ́ńjìnnì kejì náà dákẹ́. Bàálù já sí Ìjú-Ìṣàgá, gbogbo èèyàn 153 tó wà nínú rẹ̀ kú, pẹ̀lú àwọn kan tó wà nílẹ̀. Àjọ AIB tó wádìí rẹ̀ sọ pé wọn kò lo ìwé àyẹ̀wò, wọn kò sì tètè mọ bí ọ̀ràn náà ti le tó. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Kí ni ká fi èyí ṣe nínú òwò wa?

Àkọ́kọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rọ máa ṣọ́ ara rẹ̀. Ẹ fàmì lítà sára ọ̀pá kan, kí ẹ máa fi wọn epo dísù láràárọ̀, ohun yòówù tí géèjì ìbáà wí. Ẹ rán ẹnì kan gun táńkì omi lọ wò. Bí fóònù kò bá sì ké pé owó wọlé tàbí pé ó jáde, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí: ẹ yẹ àkáǹtì wò, kí ẹ fi wé ìwé yín. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni.

Èkejì, ẹ máa ṣírò. Ká ní jẹnẹrétọ̀ yín ń mu lítà 3 ní wákàtí kan, tó sì ṣiṣẹ́ fún wákàtí 6, lítà 18 ló yẹ kó dín. Bí 25 bá dín, lítà 7 ti lọ síbì kan. Bóyá ó ń jò, bóyá ẹnì kan ń bù ú.

Ẹ̀kẹta, ẹ dán igbákejì wò. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ẹ gbé pamọ́, ẹ tan án lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí ó kéré tán òṣìṣẹ́ méjì mọ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ tan ẹ̀rọ àti bí wọ́n ṣe ń pa á. Òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá kò sí nítòsí ni ọ̀rọ̀ máa ń bá.

Ẹ̀kẹrin, bí àmì àkọ́kọ́ bá ti yọ, ẹ dúró. Owó iṣẹ́ ọjọ́ kan tí ẹ pàdánù lè dùn yín, àmọ́ kò tó iye ẹ̀rọ tó jóná tàbí ẹja tó bàjẹ́ tán nínú yàrá yìnyín.

Ẹ lo ẹ̀rọ, ẹ jẹ èrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ti ṣọ́ọ̀bù lálẹ́ òní, ẹ lọ fi ojú ara yín wo ibi tí epo dé.