Ẹ Jẹ́ Kí Omi Ọkà Tutù Kí Ẹ Tó Wọn pH Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń gbin ọkà bàbà, tí a sì ń fi díẹ̀ nínú rẹ̀ pọn ọtí nílé. Ẹ̀kọ́ wa lónìí dá lórí ìgbà tí a bá ti po ọkà tí a mú hù, tí a sì lọ̀, mọ́ omi gbígbóná. Ní àkókò yìí ni èròjà inú ọkà ń sọ sítáàṣì di ṣúgà. Bí kíkan omi náà kò bá ṣe déédéé, iṣẹ́ yìí kì yóò lọ bí ó ti yẹ, ọtí kò sì ní dùn.

Kí ni pH? Nọ́mbà tí ń fi hàn bí nǹkan ti kan tó ni. Omi lásán tí ó mọ́ gaara wà ní 7. Bí nọ́mbà bá ṣe ń kéré sí i ni kíkan ń pọ̀ sí i. Èyí tí ó dára fún omi ọkà ni 5.2 sí 5.6, nígbà tí ó bá ti tutù.

Nígbà kan, èmi fúnra mi wọ̀n ọ́n bí ó ti ń gbóná lọ́wọ́. Mo rí 5.1. Mo rò pé ó ti kan jù, mo sì da omi káun sí i. Àṣìṣe gbáà ni! Omi ọkà gbígbóná máa ń fi nọ́mbà tí ó kéré hàn. Ní ìwọ̀n ooru 65 ti Sẹ́ńtígíréèdì, ìyàtọ̀ náà tó nǹkan bí 0.3. Omi mi dára tẹ́lẹ̀. Káun ni ó bà á jẹ́: èèpo ọkà tú ìkorò rẹ̀ sínú omi, ìdajì àpò ọkà sì ṣòfò.

Nítorí náà, ẹ ṣe báyìí:

1. Ẹ ro ọkà náà dáadáa, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Ẹ bo ìkòkò kí ooru má baà lọ.

2. Ẹ tún un rò, kí ẹ wá bu díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, ní àárín àti ní ìsàlẹ̀. Ẹ sẹ́ ẹ sínú ife irin kan tí ó mọ́. Ṣíbí mẹ́rin ti tó.

3. Ẹ bo ife náà, kí ẹ gbé e sínú omi tútù títí yóò fi tó ìwọ̀n ooru 20 sí 25.

4. Bí ẹ bá ní mítà, ẹ kọ́kọ́ fi omi ìdánwò 4 àti 7 yẹ̀ ẹ́ wò. Bí bébà ni, ẹ wo àwọ̀ rẹ̀ ní ojúmọmọ. Ẹ ṣọ́ra: ọkà bàbà pupa lè kun bébà, kí ó sì tàn yín jẹ.

5. Ẹ da èyí tí ẹ wọ̀n nù. Ẹ má dà á padà sínú ìkòkò. Ẹ kọ nọ́mbà náà sílẹ̀.

Bí ó bá ju 5.6 lọ, ẹ fi omi ògì kíkan díẹ̀ sí i, kí ẹ rò ó, kí ẹ sì tún bu òmíràn wò. Díẹ̀díẹ̀ ni o. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ yín: Kí ló dé tí a fi ń bu omi náà níbi mẹ́ta? Kí ni káun ń ṣe sí pH?