Kí Ẹ Tó Pààrọ̀ Ẹ̀rọ Tí Ń Wá Irin

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ wà ní Command nílùú Èkó, àti ẹ̀yin tí ẹ ń ti Ayọ̀bọ̀ àti Àbẹ́sàn wá bá wọn, mo gbọ́ pé ẹ̀rọ tí ẹ fi ń wá irin lábẹ́ ilẹ̀ ti sú yín, ẹ fẹ́ ra èyí tó jù ú lọ. N kò ní kí ẹ má rà á. Eré tó ń mú ọmọ ènìyàn tẹjú mọ́ ilẹ̀ tí àwọn baba rẹ̀ tẹ̀ kì í ṣe eré burúkú. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ bi léèrè, kí ẹ tó bi ẹni tó ń tajà.

Ilẹ̀ wa níhìn-ín pupa. Irin tó ti jẹrà mọ́ erùpẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀, tó ń fi ìgbì tó wà láàárín 3 sí 30 kilohertz ṣiṣẹ́, a máa gbọ́ irin inú erùpẹ̀ náà, a sì máa ké níbi tí kò sí nǹkan kan. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó béèrè ni bóyá ẹ lè tún ẹ̀rọ náà ṣe kó bá ilẹ̀ tí ẹ dúró lé mu, kó má dá erùpẹ̀ lóhùn mọ́. Èyí tó ń lo oríṣiríṣi ìgbì lẹ́ẹ̀kan náà máa ń fara da ilẹ̀ pupa ju onígbì kan lọ, ó sì wúlò létí òkun Badagry níbi tí omi iyọ̀ ti ń da àwọn yòókù láàmú. Èyí tí wọ́n ń pè ní pulse induction lágbára jù wọ́n lọ. Òun ni àwọn tó ń wá góòlù ní Mali àti Sudan fẹ́ràn, ṣùgbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ìṣó yàtọ̀ sí òrùka. Ní Command níbi tí wọ́n ti ń kan òrùlé lójoojúmọ́, ìṣó ni yóò máa pè yín títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Kì í ṣe tiyín.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi jíjìn tàn yín. Bí awo tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀rọ bá tóbi, ó ń gbọ́ nǹkan tó jìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó wúwo lápá, ohun kéékèèké a sì máa yọ́ kọjá lábẹ́ rẹ̀. Ní ilẹ̀ tó kún fún ìdérí ìgò, awo kékeré ló dára.

Bọ́tìnì tó ń mú kí ẹ̀rọ dákẹ́ fún pàǹtí ńkọ́? Òun ló ń dùn mọ́ ọ̀dọ́ jù. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: etí agolo míníràsì àti òrùka wúrà tín-ín-rín sábà máa ń ní ohùn kan náà. Bí ẹ bá ní kó dákẹ́ fún agolo, ẹ ti ní kó dákẹ́ fún wúrà nìyẹn. Ẹni tó ń wá òrùka yóò wú agolo púpọ̀.

Àwọn kan yóò gbé ohun tó ní irin gígùn lórí wá, wọ́n á ní ó ń rí góòlù láti òkèèrè. Ẹ sá fún wọn. Lọ́dún 2013, ilé ẹjọ́ kan ní London rán James McCormick lọ sẹ́wọ̀n ọdún 10 nítorí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. ADE 651 ló ń pè é, ó tà á fún ìjọba Iraq pé ó ń rí bọ́ǹbù. Kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀ tó lè rí bọ́ǹbù.

Ẹ má sì rò pé ẹ̀rọ tuntun nìkan ló ń rí nǹkan. Ní Staffordshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀rọ àtijọ́ ni Terry Herbert gbé wọ oko Fred Johnson lóṣù keje ọdún 2009. Ó ti gbàṣẹ lọ́wọ́ olóko. Wúrà tó bá níbẹ̀, £3,285,000 ni wọ́n dá lé e, àwọn méjèèjì sì pín in. Ẹni tó bá mọ ohùn ẹ̀rọ rẹ̀ bí ìyá ṣe ń mọ ẹkún ọmọ rẹ̀ kò ní tètè jù ú nù torí pé ó ti gbó.

Níhìn-ín, ẹ rántí pé ẹyọ ni owó tí àwọn baba ńlá wa ná jù, ẹ̀rọ kankan kì í gbọ́ ẹyọ, kì í gbọ́ iyùn. Ohun tí yóò dún ni ide, bàbà, fàdákà, kọ́bọ̀ oníhò tó ṣáájú naira 1973.

Ẹ kágò kí ẹ tó wọ ilẹ̀ ẹlòmíràn, lọ́dọ̀ onílẹ̀, baálẹ̀ àti ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò (CDA). Ẹ má gbé e wọ igbó òrìṣà láé. Àṣẹ 77 ọdún 1979 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ walẹ̀ wá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láìgba ìwé, òfin ìwakùsà 2007 sì fi góòlù inú ilẹ̀ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Àwọn tó ń walẹ̀ fún ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀, lọ́dún 1938, ló bá àwọn orí ide tí gbogbo ayé ń wò títí dòní. Bí irú rẹ̀ bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ dá ọkọ́ dúró. Bí ó ṣe dùbúlẹ̀ nínú ilẹ̀ ni àwọn onímọ̀ fi ń mọ ìtàn rẹ̀. Ẹ má fi yanrìn fọ̀ ọ́, ẹ má fọ̀ ọ́ rárá. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó wà, kí ẹ sì wọkọ̀ lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkan lọ sọ fún wọn.