Tẹlifíṣọ̀n Tó Ti Kú

Ìbéèrè: Bouaké ni mò ń gbé. Ṣé kí n ta tẹlifíṣọ̀n oníkùn ńlá wa tó ti bàjẹ́ fún ọmọ tó ń ra irin àlòkù?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tà á. Àwọn ọmọ tó ń ra irin àlòkù sábà máa ń fọ́ gíláàsì rẹ̀, tí òjé wà nínú rẹ̀, wọ́n á sì sun wáyà kí wọ́n lè rí bàbà. Èéfín yẹn léwu fún àwọn ọmọ náà gan-an, ó sì ń dùn mí. Ẹ kọ́kọ́ fi han ẹni tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe. Ó lè rí nǹkan lò nínú rẹ̀. Ẹ má tú u fúnra yín: iná mànàmáná ṣì lè wà nínú rẹ̀. Bí kò bá wúlò mọ́, ẹ gbé e síbi tí òjò kò dé, kí ẹ sì lọ béèrè ní mérì, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba ìlú, ibi tí wọ́n ń gbà á.