Kí Ló Dé Tí "Furnitures" Kò Sí Nínú Gẹ̀ẹ́sì?



Tí wọ́n bá jí wa lóru pé kí ni noun, kíá la ó dáhùn: orúkọ èèyàn, ẹranko, ibi tàbí nǹkan. Láti JSS 1 la ti há a sórí. Àmọ́ ìdáhùn yẹn kọ́ ló ń jẹ máàkì wa nínú ìdánwò. Lẹ́tà kékeré kan báyìí, "s", ló ń jẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Máàkì 50 ni àròkọ Gẹ̀ẹ́sì nínú WASSCE. Nínú 50 yìí, 10 wà fún gírámà, sípẹ́lì àti àmì ìkọ̀wé tó mọ́. Àṣìṣe kọ̀ọ̀kan tí ẹni tó ń máàkì bá fi bírò yí po, ìdajì máàkì ló bá a lọ. Ẹni tó bá wá kọ "informations", "equipments", "advices" àti "luggages" sínú lẹ́tà kan ṣoṣo ti fi odidi máàkì méjì tọrẹ, kò sì ní mọ̀. Ohun tó jẹ́ kí ẹ̀yà noun ṣe pàtàkì nìyẹn. Kì í ṣe torí ká lè máa to orúkọ wọn lẹ́sẹẹsẹ fún tíṣà.

Ibo gan-an ni wàhálà yìí ti ń wá? Ẹnu wa ni. Yorùbá ń sọ pé ọmọ kan, ọmọ méjì, ogún ọmọ, àwọn ọmọ. Ẹ wò ó dáadáa: "ọmọ" kò yí padà rárá. Iye tí a dárúkọ, tàbí "àwọn", ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀, ara orúkọ yẹn gan-an ló ń lẹ iye mọ́. Nítorí náà, kó o tó fi "s" sí i, o gbọ́dọ̀ ti mọ̀ bóyá orúkọ náà gbà á tàbí kò gbà á.

Àwọn kan máa ń sọ pé Yorùbá ò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀, pé ìyẹn ló fi ń ṣòro fún wa. Irọ́ ni o. Ẹ lọ sí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́. Ẹni tó fẹ́ ra ọsàn, wọ́n á bi í pé, "Mélòó lo fẹ́?" Ẹni tó fẹ́ ra gàrí ńkọ́? Kò sí ìyá ọlọ́jà tó máa bi í pé, "Gàrí mélòó?" Ohun tí wọ́n á bi í ni, "Kóńgò mélòó?" Tó bá jẹ́ epo, ìgò mélòó. Tó bá jẹ́ omi, kéènì mélòó. Ọsàn ṣeé kà fúnra rẹ̀. Gàrí ò ṣeé kà, àfi ká wá nǹkan tí a ó fi wọ̀n ọ́n, nǹkan yẹn la ó sì máa kà. Ohun tí ìwé Gẹ̀ẹ́sì wa ń pè ní countable àti uncountable kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: noun kan jẹ́ ọsàn, èkejì jẹ́ gàrí.

Ibi tí ẹsẹ̀ wa ti ń yẹ̀ ni pé àwọn nǹkan kan wà tí àwa kà sí ọsàn, tí Gẹ̀ẹ́sì kà sí gàrí. "Ó gbà mí ní ìmọ̀ràn mẹ́ta": kò sóhun tó ṣe é, Yorùbá gidi ni. Àmọ́ gàrí ni ìmọ̀ràn nínú Gẹ̀ẹ́sì. "Three advices" ò sí, kódà "an advice" pàápàá ò sí. Wá kóńgò fún un: "three pieces of advice". Bẹ́ẹ̀ náà ni information, luggage, equipment, homework, knowledge àti furniture. News náà wà níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí "s" ìdí rẹ̀ tàn yín jẹ: "The news is good" la ń kọ, kì í ṣe "are".

Furniture yìí ló máa ń yà mí lẹ́nu jù. Ẹ wo pátákó àwọn káfíńtà lójú títì, ì báà ṣe ní Àkúrẹ́ tàbí ní ìlú Oǹdó, ẹ ò ní rìn jìnnà kí ẹ tó rí "Furnitures". Ohun tí káfíńtà rò ò burú: àga wà níbẹ̀, tábìlì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, wọ́n sì pọ̀. Lóòótọ́, chair ṣeé kà, table náà ṣeé kà. Furniture ò kì í ṣe orúkọ ẹyọ kankan nínú wọn ní tirẹ̀, òkìtì gbogbo wọn ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Microscope méjì wà nínú láàbù, a lè kọ "two microscopes", ṣùgbọ́n "equipment" ni gbogbo wọn pa pọ̀, láìsí "s". Tíṣà fún wa ní iṣẹ́ mẹ́ta lọ sílé: "three assignments" tọ̀nà, "three homeworks" kò tọ̀nà. Nǹkan kan náà ni, orúkọ méjì, ìwà méjì. Ẹ rí i pé kì í ṣe ara nǹkan ni ẹ̀yà noun wà, inú èdè ló wà.

Ẹ jẹ́ ká mú kòkó, torí ìpínlẹ̀ kòkó la wà. Ẹni tó bá ti bá àwọn òbí rẹ̀ lọ sóko ní Ìdànrè tàbí ní agbègbè Oǹdó lè sọ pé òun já kòkó ogún, gbogbo wa á sì mọ̀ pé èso orí igi ló ń sọ. Tó bá lọ kọ "twenty cocoas", ẹni tó ń kà á lè rò pé ife kòkó gbígbóná ogún ló mu! "Twenty cocoa pods" ló yẹ kó kọ. Tí a bá ti sá a, tó gbẹ, tó wọnú àpò, ó di "twenty bags of cocoa". Pod àti bag ló gba "s". Cocoa fúnra rẹ̀ dúró bó ṣe wà.

Ó tún máa ń yí padà sí wa nígbà míì. Ẹ̀wà jẹ́ gàrí lójú tiwa, a ò kì í bi ara wa pé ẹ̀wà mélòó lo jẹ. Àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì rí hóró rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á: bean, beans. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ "The beans are done". Ìrẹsì tí hóró tiẹ̀ pọ̀ ju ti ẹ̀wà lọ, "The rice is done" ni. Ẹ má wulẹ̀ wá ọgbọ́n síbẹ̀, bó ṣe wù wọ́n ni.

Ẹnì kan á ní, tí work bá jẹ́ uncountable, kí ló dé tí ìjọba fi ní Ministry of Works? Ìbéèrè tó dáa ni. Noun mìíràn ń ní ìtumọ̀ méjì, ìkan gba "s", ìkejì ò gbà á. Work tó jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ kì í gba "s": "My father has a lot of work." Works tó jẹ́ ojú ọ̀nà àti afárá tí ìjọba ń ṣe, ó gbà á. Paper náà rí bẹ́ẹ̀: bébà tí a fi ń kọ̀wé jẹ́ gàrí, bébà ìdánwò jẹ́ ọsàn, torí a ń sọ pé "We wrote two papers today."

Ó ku proper noun, orúkọ tí nǹkan kan pàtó ń jẹ́, tí lẹ́tà ńlá ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Èyí yé ọ̀pọ̀ wa. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni Déjì ti Àkúrẹ́ àti Ọ̀ṣemàwé ti Oǹdó: lẹ́tà ńlá ni Deji àti Osemawe, ṣùgbọ́n nínú "Every town has its king", lẹ́tà kékeré ni king, torí ọba kan pàtó kọ́ la ń sọ. Ẹ kàn ṣọ́ra fún Ondo. Ìlú ni, ìpínlẹ̀ náà sì tún ni. Láti 1976 tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀ ni Àkúrẹ́ ti jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, síbẹ̀ àwọn ará ọ̀nà jíjìn ṣì máa ń rò pé Oǹdó ni. Tí o bá ń kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ rẹ ní Kano, kọ "Ondo town" tàbí "Ondo State", kó má bàa ṣì ọ́ gbọ́.

Èyí tó dùn jù nínú ẹ̀yà yìí ni pé proper noun lè di common noun. Okada jẹ́ ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Ẹdó. Olóyè Gabriel Igbinedion fi orúkọ ìlú rẹ̀ yìí sọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú rẹ̀, Okada Air. Àwọn èèyàn wá ń fi alùpùpù akérò ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní ọ̀kadà, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Lónìí, tí o bá ń sọ ìlú náà, Okada pẹ̀lú O ńlá ni. Tó bá jẹ́ èyí tó gbé ọ dé iwájú ilé-ìwé, "an okada" ni, o kékeré, ó sì gba "s". Bí Omo ṣe di orúkọ gbogbo ọṣẹ oníyẹ̀fun nílé wa náà nìyẹn. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ pé, "Lọ ra Omo wá, Ariel ni kí o rà."

Collective noun kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: team, class, choir. Ẹ fi "is" tẹ̀ lé e tí ẹ bá kà á sí ẹyọ kan, àmọ́ police kò sí nínú èyí o. "The police are here" ni nígbà gbogbo, kódà tó bá jẹ́ ọlọ́pàá méjì péré ló wá.

Abstract noun ń kọ́? Yorùbá ń fi ọ̀rọ̀ kún iwájú: fẹ́, ìfẹ́, mọ̀, ìmọ̀, àìmọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ń fi kún ẹ̀yìn lọ́pọ̀ ìgbà: kind, kindness, friend, friendship. Gàrí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Iṣẹ́ yín rèé. Àṣìṣe wà nínú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan:

My uncle gave me two advices before I travelled to Ondo.
The beans is not yet soft.
All the equipments in the laboratory are new.
We took an Okada from the market to our School.
The police has arrested the thief.

Ẹ kọ àtúnṣe yín sórí bébà, kí ẹ jù ú sínú àpótí press club kó tó di ọjọ́ Jímọ̀. A ó lẹ ìdáhùn mọ́ ibí yìí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́ sára ìwé tó wà lára ògiri yìí o, àwọn JSS 1 ò tíì kà á.