Àdùkẹ́, Jókòó Kí N Bá Ọ Wí

Fi ìnulẹ̀ yẹn sílẹ̀ ná, Àdùkẹ́. Mú ọwọ́ rẹ wá kí n wò ó. Ibo ló ti bó? Àtàǹpàkò nìkan? A dúpẹ́. Omi tútù ni kí o máa dà sí i, má fi epo pa á o.

Ó yá, jókòó sórí àpótí yẹn. Èmi ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ kò ní lù ọ́, ṣùgbọ́n mo máa sọ̀rọ̀, o sì máa gbọ́ ọ tán. Wo àjà ilé ìdáná rẹ: ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ń kán sílẹ̀ tó, tó, tó. Ìdérí kẹ́ẹ̀gì ti fò lọ sẹ́yìn fìríìjì, kẹ́ẹ̀gì fúnra rẹ̀ ya láti ọrùn dé ìdí. Ká ní o bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn nígbà tó bú ńkọ́? Ojú wo ni ǹ bá fi wo bàbá rẹ?

Ta ló ní kí o dé e pa? O ní kó lè le. Ọmọ mi, dídé kọ́ ló ń mú ọtí le. Ìwúkàrà inú rẹ̀ ń jẹ ṣúgà, bó ṣe ń jẹ ẹ́ ló ń sọ ọ́ di ọtí, afẹ́fẹ́ sì ń tú jáde níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà gbà. Aṣọ funfun tó mọ́ ni ìyá wa fi ń bo ẹnu ìkòkò, á wá fi okùn dè é. Bó bá jẹ́ kẹ́ẹ̀gì lo ní, gbé ìdérí lé e lẹ́nu lásán, má lọ́ ọ le.

O tún da ṣúgà páálí méjì sí i. Mo rí páálí rẹ̀ nínú garawa ìdọ̀tí. Ìgò tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn ńkọ́, èyí tí kò ní orúkọ lára? Ògógóró ta ni? O fẹ́ fi là á kó lè gbóná. Àdùkẹ́! Ṣé o ti gbàgbé Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 2015 ni? Àwọn èèyàn mu ògógóró, ojú wọn kọ́kọ́ ṣú, wọ́n sì kú. Mẹ́tánọ́ọ̀lù ni àyẹ̀wò tọ́ka sí. Kò sẹ́ni tó lè fi ojú tàbí imú dá a mọ̀ nínú ìgò. Ohun tí o kò mọ orísun rẹ̀, o fẹ́ bù ú fún bàbá rẹ mu lọ́jọ́ tó pé ẹni àádọ́rin ọdún? Gbé e wá. Èmi fúnra mi ni n óò dà á nù.

Àgbàdo ni agbára ọtí ti ń wá. Bu èyí tó kù nínú àpò wá kí n wò ó.

Hẹn-ẹ́n. Mú ẹyọ kan, yí ìdí rẹ̀ sókè. Ibi tó funfun yìí, níbi tó ti so mọ́ ṣùkù, ibẹ̀ ni ẹ̀mí rẹ̀ wà. Rí i, kòkòrò ti dá a lu. Wo òmíràn: òun náà nìyẹn. Òkú lo rẹ sómi, o wá ń retí kó hù! Àgbàdo tó bá hù, ara rẹ̀ ló ń pèsè èròjà tí yóò sọ ògì inú rẹ̀ di ṣúgà. Èyí tí kò bá hù, ẹ̀kọ lásán ló lè dà. Nígbà mìíràn tí o bá lọ sí Bódìjà, ka ọgọ́rùn-ún ẹyọ, fi aṣọ tútù wé e kí o tó ra púpọ̀. Bí àádọ́rùn-ún kò bá yọ ẹnu lọ́jọ́ kẹta, fi ìyẹn sílẹ̀ fún adìẹ. Má sì ra èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà pa láró pupa láé; ilẹ̀ ni wọ́n ṣe ìyẹn fún, kì í ṣe ẹnu.

Èyí tó bu ńkọ́, tó ní àwọ̀ ewé lára? O ní o fọ̀ ọ́. Ó dùn mí pé o fọ̀ ọ́. Májèlé inú èébu yẹn, omi kì í ṣàn án lọ, iná kì í pa á. Àìyí i ló fà á. Àgbàdo tó ń hù máa ń gbóná nínú agbọ̀n bí ara ọmọ tí ibà mú. Àárọ̀ àti alẹ́ ni kí o máa fọwọ́ tú u, kí o wọ́n omi sí i díẹ̀. A máa ń fi ọkà bàbà tó hù kún un torí ó lágbára ju àgbàdo lọ. Ìyẹn náà, tó bá gbẹ tán, fi ọwọ́ ra á kí gbòǹgbò àti ọ̀mùnú rẹ̀ bọ́, kí o fẹ́ wọn dànù. Májèlé wà nínú wọn.

Ti ìdáná ló wá dùn mí jù. Gbogbo rẹ̀ lo dà sínú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan náà, o gbé e ka iná ńlá, o wá ń tẹ fóònù. Ìdí nìyẹn tó fi dì mọ́ ìsàlẹ̀, tó jóná, tó sì ru dà sí ọ lọ́wọ́. Iná yẹn ti pa èròjà tí mo wí kó tó ṣiṣẹ́. Bí ìyá wa ṣe ń ṣe é ní Ṣakí nìyí: á po ìyẹ̀fun rẹ̀ mọ́ omi, á fi í sílẹ̀ kó tòrò. Á wá rọra fi igbá bu omi orí rẹ̀ sọ́tọ̀, torí inú omi yẹn ni èròjà náà wà. Èyí tó ki nísàlẹ̀ ni á gbé kaná, tí á máa fi orógùn rò títí á fi jinná bí ẹ̀kọ. Á sọ̀ ọ́, á jẹ́ kí ooru rẹ̀ rọ̀, á wá da omi orí padà. Ìwọ ní tẹmómítà: kí àpapọ̀ rẹ̀ wà láàárín 60 sí 70. Bó bá di àárọ̀, wà á sókè. Ohun tó ki lánàá á máa ṣàn kúrò lórí orógùn bí omi, á sì dùn lẹ́nu. Ọmọdé ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, títí dòní ó ṣì ń yà mí lẹ́nu.

Lẹ́yìn náà ni kí o sẹ́ ẹ, kí o tún sè é. Bí o bá fẹ́ kó le, ibí ni kí o ti wá a. Kóńgò mẹ́rin, ogún lítà omi ni mo ń fi sí i. Tí mo bá fẹ́ èyí tó le, mẹ́rìnlá péré ni, n óò sì sè é pẹ́ kó fà. Kó tutù pátápátá kí ìwúkàrà tó wọ̀ ọ́. Èyí tí o dà sí i nígbà tó ń rú èéfín, ṣe lo sè é pa. O rí i pé kò hó, o tún da òmíràn sí i pẹ̀lú ṣúgà, o wá dé e pa. Ohun tó bú nìyẹn.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ á ní ọtí ará oko ni? Jẹ́ kí wọ́n wí. Ní 1988 tí ìjọba fòfin de bálì láti òkè òkun, kí ni àwọn ilé iṣẹ́ ọtí bíà sá tọ̀? Àgbàdo àti ọkà bàbà yìí kan náà ni. Bàbá rẹ kò sì bèèrè bíà. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ìyá rẹ̀ ló bèèrè, èyí tí kò tí ì tọ́ wò láti ìgbà tí màmá ti lọ. Ìwọ nìkan nínú ọmọ mẹ́fà ló dìde pé òun á pọn ọ́n. Ṣé o rò pé n kò mọ̀? Ìdí tí mo fi wọ mọ́tò láti Ṣakí láàárọ̀ yìí nìyẹn.

Nu ojú rẹ. Òní ni Ìṣẹ́gun, Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni àsè. Ọjọ́ méjì fún rírẹ, mẹ́rin fún híhù, méjì fún sísá. Wẹ́sídeè a lọ̀ ọ́, a pò ó sùn. Tọ́sídeè a sè é, a fi ìwúkàrà sí i. Á bá Sátidé gẹ́lẹ́. Àpò tí mo gbé wá wà lẹ́nu ọ̀nà, àgbàdo ọdún yìí ni, mo ti yan ìdọ̀tí inú rẹ̀. Gbé garawa tó mọ́ wá. Bu omi sí i. Tún bù ú sí i, kó bò ó dáadáa.